Ọwọ́ Ẹni Ni A Fi Ń Yan Eku Kọ̀ǹpútà

Kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú tí ó jẹ́ fi ọ̀rọ̀ ohun èlò rẹ̀ ṣeré. Àyàn tí ó bá fẹ́ ra kọ̀ǹgọ́ tuntun kì í kàn nawọ́ mú èyí tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí. Yóò gbé e sọ́wọ́, yóò fi lu awọ ìlù lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì gbọ́ ohun tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń sọ fún un kí ó tó sanwó. Àgbẹ̀ a máa di èkù àdá mú, a sì fì í lókè kí ó tó bèèrè iye rẹ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé, bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí a kọ́kọ́ ní agbára lọ́wọ́ kí a tó dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ọgbọ́n mìíràn fà yọ nínú òwe náà. Idà tí èkù rẹ̀ kò bá bá ọwọ́ mu, bí ó tilẹ̀ mú bí abẹ, kò lè gba olúwa rẹ̀ lọ́jọ́ ìjà.

Ohun èlò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe idà, kì í sì í ṣe àdá. Eku kọ̀ǹpútà ni, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní máòsì. Pàápàá jù lọ, eku tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò fún eré orí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan lè rẹ́rìn-ín kí ó ní, kí ni àgbàlagbà ń wá nínú ọ̀rọ̀ ọmọdé? Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá kò fojú kékeré wo eré rí. Ẹ wo ọpọ́n ayò, tí ó ní ojú 12 àti ọmọ ayò 48. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó mọṣẹ́ a máa gbẹ́ ojú ọpọ́n náà kí ó jinlẹ̀ tó, kí ó sì dán tó, kí ọwọ́ ọ̀tayò lè wọ ibẹ̀ kó ọmọ ayò jáde láìsí ìdíwọ́. Bí àwọn baba wa bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ayò, kò burú bí àwa náà bá ronú díẹ̀ lórí ohun tí ọmọ wa ń dì mú fún wákàtí kan tàbí méjì lóòjọ́.

Eku yìí kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1964, ní ilé ìwádìí kan ní Menlo Park, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ẹnjiníà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bill English ṣe eku àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí Douglas Engelbart ti rò ó. Igi ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ó ní. Kẹ̀kẹ́ kékeré méjì ni ó sì wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún lílọ síwájú àti sẹ́yìn, èkejì fún lílọ sọ́tùn-ún àti sósì. Wáyà tí ó yọ lára rẹ̀ jọ ìrù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní eku. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, Engelbart lò ó ní gbangba níwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní San Francisco, wọ́n sì rí i bí àmì kékeré kan ti ń rìn lójú kọ̀ǹpútà bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń rìn lórí tábìlì.

Lẹ́yìn èyí, bọ́ọ̀lù kékeré kan gba ipò àwọn kẹ̀kẹ́ náà. Àwọn tí ó lo irú eku bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ gbàgbé bí eruku ti máa ń kó sí i nínú, tí wọn yóò sì máa fi èékánná ha ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. Ní ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé eku kan jáde tí kò ní bọ́ọ̀lù, tí ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí tábìlì lásán. Iná kékeré ni ó ń tàn sí orí tábìlì. Ojú kan tí ó dà bí ti ẹ̀rọ ayàwòrán a sì máa ya àwòrán ibẹ̀ ju ìgbà 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nípa fífi àwòrán kan wé èkejì ni eku fi ń mọ ibi tí ọwọ́ ń lọ. Ọ̀nà yìí náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ eku òde òní ń gbà ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà lè lo eku tí ó bá wù ú, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí rẹ̀. Ti eléré kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú eré bíi Counter-Strike tàbí League of Legends, ọwọ́ kì í sinmi: eléré ń fà, ó ń tì, ó ń gbé eku sókè, ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra títí eré yóò fi parí. Eré wọ̀nyí sì ti kúrò ní ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà ní ìlú Hangzhou, ní Ṣáínà, ní ọdún 2023, àwọn tí ó borí nínú eré kọ̀ǹpútà gba àmì ẹ̀yẹ wúrà gẹ́gẹ́ bí àwọn sárésáré ti gbà á.

Ohun tí ó mú mi wádìí ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé girama. Ọlọ́wọ́ òsì ni ọmọ náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá a wí nítorí rẹ̀. Bí ó bá fi òsì gba nǹkan, wọn a ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá fi òsì nàka, wọn a pa á lówe pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nígbà ìsinmi, ó ń bá ẹnì kan tẹ ìwé ládùúgbò, ó ń tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí owó náà pé, ó ra eku kan tí ó ní iná àwọ̀ méje. Eku náà tóbi, wọ́n sì ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kọdọrọ fún ọwọ́ ọ̀tún, tí òsì kò fi lè dì í mú rárá. Nítorí náà ni ọmọ náà ṣe ń fi ọ̀tún lò ó.

Kò pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, eku náà tún bẹ̀rẹ̀ àrùn mìíràn: bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà a kà á sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí ó tà á fún un sọ pé ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo bá a níbi tí ó jókòó sí, tí ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wí fún mi pé, “Bàbá, ó jọ pé ọwọ́ mi méjèèjì ni kò dára. Òsì kò gba ìwà, ọ̀tún kò sì gba iṣẹ́.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo dá a lóhùn pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan; ohun tí ó ń dì mú ni kò bá a mu. Láti ọjọ́ náà ni èmi àti òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń yan eku.

Ohun àkọ́kọ́ tí a kọ́ ni wíwọn ọwọ́. A fi rúlà wọn ọwọ́ rẹ̀ láti ibi tí ọrùn ọwọ́ ti ṣẹ́ dé ṣóńṣó ìka àárín, ó sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17. Àwọn eléré ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n máa ń tẹ̀lé: kí gígùn eku súnmọ́ ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá gígùn ọwọ́. Bí a bá tẹ̀lé èyí, eku tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí kí ó lé díẹ̀ ni ó yẹ ọmọ náà. Èyí tí ó rà gùn tó 13. Abájọ tí ìka rẹ̀ fi ń nà tàntàn bí ẹni tí ń wá ohun tí kò tó! Àwọn àgbà kò parọ́ tí wọ́n sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe òfin, nítorí ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ fún wa.

Ohun kejì ni bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń di eku mú. Àwọn kan a máa tẹ́ gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e. Irú àwọn wọ̀nyí nílò eku gígùn tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga, kí ó lè gbé ọwọ́ wọn ró. Àwọn kan a máa ká ìka wọn kò bí èékánná àwòdì, ìdí àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni yóò sì kan eku. Àwọn yòókù a máa fi orí ìka nìkan mú un, àtẹ́lẹwọ́ wọn kò ní kàn án rárá. Fún wọn, eku kékeré tí ó fúyẹ́ ni ó dára. Kò sí èyí tí ó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ tirẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ lé eku láìronú, kí ó sì wo ibi tí ìka rẹ̀ bọ́ sí fúnra wọn.

Ìwọ̀n eku náà ṣe pàtàkì. Ní ìgbà kan rí, àwọn tí ń ṣe eku fún eré a máa fi irin kéékèèké kún un kí ó lè wúwo sí i, nítorí wọ́n kà á sí iyì. Lóde òní, ọ̀pọ̀ eku eré kò ju gíráàmù 80 lọ; àwọn mìíràn kò wúwo ju ẹyin adìyẹ ńlá kan lọ, èyí tí í ṣe bíi gíráàmù 60. Ẹni tí ó ń gbé nǹkan sókè lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gíráàmù 130 àti 60.

Ní ti ọlọ́wọ́ òsì, ọ̀nà rẹ̀ há díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dí. Ọ̀pọ̀ eku ni wọ́n ṣe fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan. Eku tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba ni ọlọ́wọ́ òsì lè lò. Síbẹ̀, kí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwọn kan wà tí ara wọn dọ́gba ṣùgbọ́n tí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ wọn wà ní ibi tí àtàǹpàkò ọ̀tún nìkan lè dé. Nínú ètò kọ̀ǹpútà, a lè pààrọ̀ bọ́tìnnì méjèèjì tí ó wà lórí eku kí ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì lè máa ṣe iṣẹ́ pàtàkì. Nínú ọ̀pọ̀ eré pẹ̀lú, a lè kó àwọn lẹ́tà tí a ń tẹ̀ láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún.

Lẹ́yìn ọwọ́, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn nọ́ńbà ńláńlá tí wọ́n ń kọ sí ara páálí. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni DPI, iye àmì tí eku ń kà bí a bá fà á ní íǹṣì kan. Ojú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ ní àmì 1,920 láti òsì dé ọ̀tún. Bí a bá fi eku sí 800, fífà á ní íǹṣì 2.4 yóò gbé atọ́ka la ojú náà já. Bí a bá fi í sí 16,000, ohun tí yóò gbà kò ju mìlímítà 3 lọ. Bí olúwa rẹ̀ bá sín lásán, atọ́ka ti dé òdìkejì. Ta ni ó lè ta eré bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá eré ìbọn ń lo nọ́ńbà tí ó wà láàárín 400 sí 1,600. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi owó lé nọ́ńbà gọbọi ń ra ohun tí kò ní lò. Nọ́ńbà tí ó yẹ kí a bèèrè ni iye ìgbà tí eku ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eku lásán a máa ròyìn ní ìgbà 125. Ti eléré a máa ròyìn ní ìgbà 1,000, èyí sì tó.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń mọ eku tí yóò tọ́jọ́? Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó ń tẹ̀ tí ó sì ń fò padà. Nígbà tí irin náà bá rẹ̀, tàbí tí ojú ibi tí ó ń kàn bá dógùn-ún, yóò máa gbọ̀n, títẹ̀ ẹyọ kan yóò sì di méjì. Àrùn tí ó pa eku ọmọ wa nìyẹn. Àwọn tí ń ṣe é a máa kọ ọ́ síta pé yóò gba títẹ̀ mílíọ̀nù 20, tàbí 50, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá ń tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 5,000 lóòjọ́, yóò gba ọjọ́ 4,000 kí ó tó pé mílíọ̀nù 20, èyí tí ó súnmọ́ ọdún 11. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ka iye yẹn ní ibi tí ó mọ́ tónítóní, kì í ṣe ìka tí ó làágùn nínú eruku ọyẹ́. Àwọn eku kan ti wà nísinsìnyí tí ó ń fi ìtànṣán iná ṣe iṣẹ́ irin náà. Níwọ̀n bí irin kò ti kan irin láti gbé iná kọjá, àrùn ìlọ́po méjì yìí kì í sábà ṣe wọ́n.

Kí a sì wo ọrùn wáyà, níbi tí ó ti jáde lára eku, nítorí ibẹ̀ ni ó sábà máa ń já. Kí a fọwọ́ kan awọ ara rẹ̀: ike lásán dára ju èyí tí wọ́n fi rọ́bà múlọ́múlọ́ bò lọ, nítorí ooru àti òógùn a máa sọ rọ́bà náà di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Kí a yí i padà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ìlẹ̀mọ́ dídán tí ó ń yọ̀ lórí tábìlì. Bí wọ́n bá jẹ, a lè fi òmíràn rọ́pò wọn. Eku tí kò ní wáyà a máa rọrùn fún ọwọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí iná mànàmáná kì í dúró ládùúgbò rẹ̀ rántí pé bátìrì ń bẹ nínú rẹ̀ tí yóò fẹ́ oúnjẹ, àti pé bátìrì a máa gbó.

Nígbà tí a mọ gbogbo èyí, a wọ ọkọ̀ lọ sí ọjà tí a ń pè ní Computer Village ní Ìkẹjà. A bẹ ọlọ́jà kan kí ó tẹ́ eku márùn-ún sílẹ̀ fún wa, ó sì gbà. Nígbà tí ó rí i pé òsì ni ọmọ náà nà, ó sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí ó máa fi ọ̀tún ṣe é, yóò mọ́ ọn lára.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọwọ́ tí Olódùmarè fún un ni a bá wá sọ́jà.” Mo wá ní kí ọmọ náà di ojú rẹ̀, kí iná àti àwọ̀ má baà tàn án jẹ, kí ó sì dì wọ́n mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ lórí ìkẹrin, ó gbé e sókè, ó fà á lọ fà á bọ̀, ó sì wí pé, “Bàbá, èyí ni.” Nígbà tí ó la ojú, eku dúdú lásán ni, kò ní iná kankan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, gíráàmù 76 ni. Owó rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì owó èyí tí iná rẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí ó ti ń lò ó. Ó ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ eku náà lẹ́ẹ̀kan. Bọ́tìnnì rẹ̀ kò tíì ka méjì rí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò dùn ún mọ́, nítorí eku náà bá a mu, àti nítorí pé a fi àdéhùn sí i: lẹ́yìn wákàtí kan, kí ó dìde, kí ó na ìka rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Kò di olókìkí eléré, èmi kò sì retí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dùn mọ́ mi ni pé kò tún sọ ọ́ mọ́ pé ọwọ́ òun kò dára.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí owó yín bá pé láti ra irú nǹkan yìí, ẹ kọ́kọ́ wọn ọwọ́ yín nílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà tàbí iná yàn fún yín. Nígbà tí ẹ bá rà á tán, ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ má ṣe wé wáyà mọ́ ọn lára pinpin, ẹ má sì ṣe là á mọ́ tábìlì bí wọ́n bá na yín ní eré, nítorí kì í ṣe òun ni ó ta ayò tì. Bí ọwọ́ bá ń dùn yín, tàbí tí ó ń kú tipiri, ẹ dá eré dúró, ẹ sì sọ fún àwọn òbí yín kí wọ́n mú yín lọ rí dókítà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé ọwọ́ yín ni kò bá ohun èlò mu, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé a lè wá kèrègbè mìíràn tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n a kì í gé ọwọ́ nítorí kí ó lè wọ kèrègbè.